Ìgbà Tí Awọ Kò Tutù, Tí Kò Sì Gbẹ

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ awọ kì í kọ́kọ́ wo báàgì tí wọ́n bá gbé wá fún un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ń gbé lé e. Àwọn oníbàárà a máa rẹ́rìn-ín, pàápàá àwọn ìyá ńláńlá tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n sì rí àgbàlagbà tó ń fi báàgì olówó gọbọi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í dá wọn lóhùn. Yóò dijú díẹ̀, yóò yí báàgì náà po, yóò gbé ìdí rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ìgbà náà ni yóò tó sọ̀rọ̀. "Ebi ń pa á." Tàbí, "Ẹ ti fún un lómi jù." Tàbí èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́: "Ẹ má bínú o, ìyá, èyí kì í ṣe awọ."

Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin kan gbé báàgì ìyá ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé. Kí n tó ronú, mo ti gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn rí wa. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bàtà ló fi ń jẹun. Báàgì ló fẹ́ràn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìlú tí iṣẹ́ awọ kì í ṣe àjèjì sí: tìmùtìmù aláràbarà, àkọ̀ idà, àpò oríṣiríṣi, àti làbà tí àwọn oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n Kánò ló ti kọ́ sùúrù, ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó débẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó sì bá àwọn tó ń fi èso bàgàrúwà sọ awọ ewúrẹ́ tútù di awọ tó ṣe é lò, tí wọ́n ń fi poroporo okà bàbà pa á láró pupa. Awọ yẹn gan-an ni àwọn òyìnbó ń pè ní awọ Mòrókò láyé àtijọ́, nítorí pé ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń gbà kọjá sí etíkun àríwá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé níbo ni ewúrẹ́ náà ti jẹko. Bí Bàbá bá ń sọ èyí, ó máa ń na òlùlù bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ìhà àríwá, bí ẹni pé a lè rí Kánò láti Mọ́kọ́lá.

Báàgì màmá mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dúdú ni, onírin lẹ́nu, èyí tó máa ń dún "kó!" bí wọ́n bá pa á dé. Kingsway ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti rà á fún un kó tó bí mi. Àwọn obìnrin ìgbà màmá mi mọ bí a ṣe ń gbé báàgì: ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ń fi kọ́, apá á rọ̀ mọ́ ìhà, ojú á lọ síwájú. Mo gbà gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn wo Ọbabìnrin Elizabeth dáadáa nígbà tó wá sí Nàìjíríà ní 1956. Inú báàgì yẹn ń gbóòórùn kánfọ̀ àti lófínńdà. Áńkáṣíìfù wà níbẹ̀, àti ìwé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì Bàbá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún un ṣe." Ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, n ò ní bá ọ tún un ṣe. Jókòó."

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ iṣẹ́.

N ò ní fi gbígbọn eruku, yíyọ ìdọ̀tí inú ojú rírán, tàbí dídán idẹ gba àkókò yín. Ẹni tó bá ti ń ṣe é mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ nìkan ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa báàgì tó yẹ kó tún lo ogójì ọdún. Awọ tí wọ́n ṣe dáadáa ní ásíìdì díẹ̀ nínú. pH rẹ̀ kì í sábà kọjá 5. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ lè tó 10. Ọṣẹ dúdú tí ara wa fẹ́ràn, eérú wà nínú rẹ̀, òun náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ awọ. Ọṣẹ tí pH rẹ̀ kò jìnnà sí ti awọ ni kí ẹ wá, kí ẹ lo ìwọ̀nba, kí ẹ sì rin apá kan láti ojú rírán dé ojú rírán. Ẹni tó bá nu ibi tí àbàwọ́n wà nìkan yóò rí àmì omi róbótó tí kò ní kúrò mọ́.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an wà nínú àwọn wákàtí tó tẹ̀ lé fífọ.

Nígbà tí awọ bá ti mu omi, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ra nínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́ á là sílẹ̀. Omi ló wà láàárín wọn. Bí omi yẹn bá jáde tí nǹkan kan kò rọ́pò rẹ̀, wọ́n á tún lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń búra pé omi ló ba báàgì àwọn jẹ́. Omi kọ́. Gbígbẹ ni. Bí ẹ bá fi ọ̀rá sí i nígbà tí omi ṣì ń kán, kò ní ríbi wọlé, ojú omi ni yóò dúró lé. Bí ẹ bá sì dúró dìgbà tó gbẹ gbáú, ojú awọ nìkan ni yóò mu ọ̀rá, inú á wà ní gbígbẹ; báàgì á máa dán lójú, á sì máa ya níbi tó ti ń ká. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Bí omi ṣe ń jáde díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ń wọlé tẹ̀ lé e, tó ń jókòó síbi tí omi fi sílẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ awọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Ọ̀rá màlúù àti òróró ẹja kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pò pọ̀, tí wọ́n ń fi kun awọ tó ṣì ní ọ̀rinrin, tí wọ́n á sì fi í kọ́ títí omi á fi lọ tí ọ̀rá á fi kù. Bàbá kò ka ìwé kankan nípa wọn. Òrí ni tirẹ̀, tó yọ́ pọ̀ mọ́ ìda oyin díẹ̀ nínú agolo mílíìkì, tó gbé sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí òòrùn má bàa rí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ tí ó ṣàlàyé rẹ̀: "Bí àlejò bá ń jáde, ìgbà yẹn ni onílé ń wọlé." Ó sì padà sí bàtà tó ń rán.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti dé àárín? Ojú kò tó. Lóòótọ́, awọ tó tutù máa ń dúdú ju àwọ̀ rẹ̀ lọ, bó bá sì ti ń gbẹ, etí rẹ̀ á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí mọ́lẹ̀. Àmọ́ báàgì dúdú ńkọ́? Ojú ò lè rí nǹkan kan lára ti màmá mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni Bàbá ń lò, ó sì ní ìdí rẹ̀. Omi tó ń kúrò lára awọ a máa mú un tutù. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń jáde, awọ náà á tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ kò mọ̀, pàápàá àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ti ń di abẹ́rẹ́ mú láti kékeré. Ní wákàtí àkọ́kọ́, òtútù náà á ta yín. Yóò máa dínkù. Àkókò kan á wá dé tí ẹ ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹ ó máa bi ara yín léèrè pé ṣé ó tutù ni àbí kò tutù. Bí ẹ bá ti ń bi ara yín bẹ́ẹ̀, ó ti ń tó. Ẹ wá fi ìka méjì mú etí ìdérí rẹ̀, kí ẹ ká a díẹ̀. Ó yẹ kó rọ̀ bí etí ọmọ ènìyàn, kó ká láìjanpata, kó sì padà fúnra rẹ̀ láìyára. Bàbá fa etí mi ní ọjọ́ tó kọ́ mi ní èyí. Kò fà á jẹ́jẹ́.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mélòó kan ló mọ dé ibẹ̀, tí wọ́n sì rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Báàgì kì í gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdérí, tó jẹ́ awọ ẹyọ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lójú àti lẹ́yìn, òun ló ń kọ́kọ́ dé. Iwájú àti ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbẹ́ tó ká wọlé máa ń pẹ́. Ìdí báàgì, tí awọ ti pàdé awọ tí páálí sì wà láàárín, ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń kẹ́yìn, nítorí pé wọ́n máa ń fi nǹkan kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó rán an pa. Nítorí náà ẹni tó bá fi òrí pa báàgì látòkè délẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, apá kan nìkan ló bọ́ lásìkò. Ṣe ni ẹ ó máa tọ gbígbẹ náà lẹ́yìn yí báàgì ká. Ìdérí, ẹ dúró. Iwájú, ẹ dúró. Ẹ tún gbé ẹ̀gbẹ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá lè fi ọ̀sán gbáko ṣe èyí, kó máa rán bàtà láàárín, kó máa dìde, kó máa padà, rédíò á máa kọ àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá lábẹ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ kò sí. Bí mo bá béèrè pé ṣé ó ti tó, á ní, "Ìwọ bi báàgì."

Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ọyẹ́, àárín tí mò ń wí yìí lè wá kó sì kọjá kí ẹ tó jẹ àmàlà tán, nítorí náà aṣọ tó tutù díẹ̀ ni Bàbá máa ń dà bo báàgì kó má bàa sáré. Ní oṣù Òkúdù àti Agẹmọ, ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ìyẹn sì léwu, nítorí pé awọ tó pẹ́ nínú ọ̀rinrin láìrí afẹ́fẹ́ á bu. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, Bàbá kì í fi báàgì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbé e relé, á gbé e lé orí agbọ̀n tó dojú dé kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ní òru, òun á ta jí, òun á rí ọkọ òun nínú òkùnkùn tó gbé báàgì obìnrin mìíràn lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Níwájú Bàbá ló ti sọ ọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

Ìwọ̀n òrí tún wà. Ẹ fi ìka bù ú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí kò fi sí nǹkan tí a lè rí mọ́ ju pé ọwọ́ ń dán. Ìyẹn ló tó fún ìdérí kan. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi pa á, ẹ má lo aṣọ, nítorí pé aṣọ ò lè sọ fún yín pé ó ń mu tàbí kò mu. Awọ tó ń mu á gbà á kí ọwọ́ yín tó yí padà, ojú rẹ̀ á sì padà ṣú. Awọ tó ti yó á jẹ́ kí ó dán títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá dán di àárọ̀, ẹ nù ún kúrò, ẹ má fi kún un mọ́ láé. Ọ̀rá àpọ̀jù a máa jẹ́ kí báàgì rọ jọ̀kọ̀tọ̀, kó máa kó eruku, kó sì máa bu. Bàbá kò fẹ́ràn oníkánjú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rọ òróró lu awọ ló kórìíra jù.

Inú báàgì gbọ́dọ̀ kún ní gbogbo àsìkò yìí, nítorí pé bí ó bá ṣe jókòó nígbà tó ń gbẹ ni yóò ṣe wà. Aṣọ funfun ògbó ni kí ẹ lò. Ìwé ìròyìn á fi dúdú rẹ̀ pa aṣọ inú. Ẹ má gbé e kọ́, omi á fa ọwọ́ rẹ̀ gùn. Bí ìṣó irin kan bá sì wà nínú rẹ̀ dípò idẹ, ẹ tètè gbẹ àyíká rẹ̀ ṣáájú, torí pé irin àti omi àti èròjà inú awọ tí a fi èso tàbí èèpo igi ṣe máa ń pàdé di dúdú, àbàwọ́n yẹn kò sì ní oògùn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀.

Ní báyìí wọ́n ní kí a máa fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun gbẹ báàgì. Mo ti rí i nínú fídíò: ìṣẹ́jú kan, orin, báàgì ti "tuntun". Awọ tí a fi èso igi ṣe, bó bá tutù, ìgbóná bíi 70°C sí 85°C ti tó láti sún un kì, kò sì ní padà sípò mọ́. Ẹlòmíràn á gbé e sí ẹ̀yìn gíláàsì mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Wáìpù tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ ni tàwọn kan. Àwọn tó tún wá burú ni àwọn tó ń fi ọ̀dà fín báàgì bí ẹni ń fín mọ́tò; ní ọjọ́ kẹta ọ̀dà á la, ní ọjọ́ kẹrin á wà lára léèsì olóde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti báàgì ayédèrú náà kí n lè sinmi. Rọ́bà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ aṣọ, tí wọ́n ní awọ ni. Ọ̀pọ̀ irú báàgì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń ṣẹ́gun. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń já rọ́bà náà sí wẹ́wẹ́ láti inú wá, bí ẹ kò tilẹ̀ gbé e jáde rí. Ẹ ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ ó bá a tó ń hó, èèpo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ aṣọ òkè tí ẹ gbé lé e. Wọ́n ń gbé irú wọn wá bá mi. Mo máa ń sọ gbólóhùn Bàbá fún wọn, inú wọn kì í dùn. Àwọn ló wá jẹ́ kí n máa lọ sí ọjà Kàtángówà ní Èkó láti wá òkìríkà, nítorí pé lábẹ́ òkìtì rọ́bà yẹn ni àwọn ojúlówó máa ń fara pamọ́ sí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí báàgì Coach àtijọ́ kan, aláwọ̀ iṣu sísun, tí ẹni tó ń tà á fi lélẹ̀ bí àpò ata. New York ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1941. Miles Cahn, tó ń darí rẹ̀, rí i pé awọ ìbọ̀wọ́ tí àwọn Amẹ́ríkà fi ń gbá béésíbọ́ọ̀lù máa ń rọ̀ tó sì máa ń dára sí i bí wọ́n bá ṣe ń lò ó, ó sì wá irú awọ bẹ́ẹ̀ fún báàgì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n gba Bonnie Cashin síṣẹ́ láti máa ya àwòrán báàgì fún wọn. Òun ló mú ìdè idẹ tí à ń yí wọlé, tí ó rí irú rẹ̀ lára ìdè òrùlé mọ́tò tó ń ṣí. Awọ nípọn, aṣọ inú kò sí, ọ̀dà kò bò ó mọ́lẹ̀. Báàgì tó dára jù lọ nìyí láti fi kọ́ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé lójú àti lẹ́yìn ló ń mí. Mo fọ èyí tí mo rà, mo dúró tì í, mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ìdérí dé ìdí. Bàbá ti ṣaláìsí nígbà náà. Ibi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìbòrí fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo ṣì gbé báàgì náà gba Mọ́kọ́lá kọjá, mo kọ́ ọ sí ìgbọ̀nwọ́, bí ìran màmá mi ṣe ń gbé e.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni à ń fọ̀ o. Awọ ọ̀nì àti awọ ejò, tí àwọn ìyá wa fi ṣe fáàrí púpọ̀ láyé ọdún 1970, omi á ṣí ìpẹ́ wọn sókè. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, kó tán. Awọ tó bá ti ń di ìyẹ̀fun pupa lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án rárá: yóò dúdú, yóò le, kò ní gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́. Bí ojú awọ bá sì ní ọ̀dà lórí tó jẹ́ pé omi ń yí kúrò lára rẹ̀, òrí kò ríbi gbà wọlé níbẹ̀. Nínu nìkan ló fẹ́.

Báàgì ìyá yín wà nínú nàílọ́ọ̀nù kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ jáde. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun kún un, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tí òòrùn kò dé. Kí ẹ má sì tíì fi nǹkan kan pa á títí ẹ ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí yóò wò ó fún yín.